Etí Iná: Ohun Tí Ooru Wẹ́dà Ń Ṣe fún Irin

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, Ìlúpéjú, Èkó

Kíláàsì: Ọdún kejì, àwọn tí fìrídọ̀ọ̀mù wọn kò jìnnà mọ́

Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì

Ohun èlò: Fúláàtì báà, ajákù sípíríìnì mọ́tò, ẹlẹ́tíróòdù géèjì 10 (E6013 àti E7018), fáìlì, fáìsì, òòlù ńlá, gọ́gù, àpò ìdọ̀họ, eérú gbígbẹ

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Akẹ́kọ̀ọ́ ti lè tan iná, ó ti lè fa ojú ìjópọ̀ tó dọ́gba, ó sì mọ bí a ṣe ń gbá ìdàrọ́ kúrò.

Èròǹgbà: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wo irin tó kán kí ó sì sọ ohun tí ooru ṣe fún un, kí ó sì lè mọ, kí ó tó tan iná rárá, irin tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn láìmúra.

1. Ibi tí irin ti ń kán

Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni àdúgbò wa yìí wà. Ìjọba náà ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Ìlúpéjú. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá wà, wẹ́dà gbọ́dọ̀ wà: ẹ rìn láti Coker Road dé Ọ̀ṣódì, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà Agége lọ, ariwo gíráńdà kò ní dákẹ́ létí yín. Nítorí náà àjákù irin kò wọ́n wa fún ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ lọ sí Ládìpọ̀ tàbí Owódé Onírin, kí ẹ wá irin tí wọ́n ti jó pọ̀ rí, tó sì tún kán. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àárín ibi tí ẹlẹ́tíróòdù yọ́ sí ni ó ti kán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, lára irin tí kò yọ́ rárá, ní bíi mílímítà kan tàbí méjì sí ojú ìjópọ̀. Oníbàárà á ní wẹ́dà kò jó o dáadáa. Wẹ́dà á na ìka sí ojú ìjópọ̀ tó ṣì wà lódidi, á ní irin oníbàárà ni kò dára. Ìjà yìí kì í tán, torí pé àwọn méjèèjì ń wo ibi tí iná ti yọ́ irin, kò sẹ́ni tó ń wo ibi tí iná kàn gbóná dé.

Ibi tí iná gbóná dé láìyọ́ ọ yìí ni a ó máa pè ní etí iná nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ epo, HAZ (heat-affected zone) ni ẹ ó rí.

2. Le, lágbára, yi

Ẹ má ṣe da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Irin tó le ni èyí tí fáìlì kò lè họ. Irin tó lágbára ni èyí tó lè gbé ẹrù púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà tàbí tẹ̀. Irin tó yi ni èyí tí a lù lójijì, tàbí tó ti ní ojú ọgbẹ́ lára, síbẹ̀ tí kò kán. Á tẹ̀, á fà, á gba agbára ìlù náà mọ́ra kí ó tó já. Fáìlì fúnra rẹ̀ le, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kò yi: ẹ sọ ọ́ mọ́ kọ́ńkéré, á fọ́ bí ìkòkò. Irin géètì ò le tó o rárá, àmọ́ ẹ lè lù ú títí tí yóò fi ká, kò ní kán.

Fífà ni a fi ń wọn agbára. Fúláàtì báà tí a fi ń ṣe géètì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní nǹkan bíi 250 megapascal, ìyẹn ni pé mílímítà kan níbùú-lóròó rẹ̀ lè gbé ẹrù kílò 25. Yíyi ní ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Georges Charpy, ará Faransé, pè láti ìgbà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1901. Wọ́n á gé irin kékeré tó jẹ́ mílímítà 10 níbùú, 10 nípọn, 55 ní gígùn. Wọ́n á la ojú tó rí bíi V sí i lára, mílímítà 2 ni jíjìn rẹ̀. Òòlù kan á wá fì wálẹ̀ láti òkè, á gbá a láti ẹ̀yìn ojú náà. Agbára tí òòlù náà pàdánù lọ́nà ni ìwọ̀n yíyi irin náà. Júùlù ni a fi ń kà á.

Fún ọ̀pọ̀ irin ìkọ́lé, 27 júùlù ni ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ń béèrè. Irin tí wọ́n bá kọ S355JR sí lára gbọ́dọ̀ dé 27 ní 20°C. S355J2 gbọ́dọ̀ dé e nígbà tó bá tutù tó 20°C nísàlẹ̀ òdo. Irin kan náà tó yi lọ́wọ́ ooru lè máa kán nínú òtútù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwọ̀n òtútù sínú orúkọ rẹ̀.

A máa ń sọ níbí pé ọ̀rọ̀ òtútù kò kan ará Èkó. Ó kàn wá. Bí ooru wẹ́dà bá ba etí iná jẹ́ tó, irin tí olówó rà nítorí pé ó yi nínú yìnyín lè kán ní ọ̀sán gangan ní Ọ̀ṣódì.

3. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀

Iná wẹ́dà gbóná ju 5,000°C lọ. Irin ń yọ́ ní nǹkan bíi 1,500. Láàárín ibi tó yọ́ àti ibi tó ṣì tutù tí ẹ lè fọwọ́ kàn, gbogbo ìwọ̀n ooru tó wà láàárín 1,500 àti 30 ni irin náà gbọ́dọ̀ gbà, ní àyè tí kò ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ. Ẹ ti rí àmì rẹ̀ lára irin dídán: àwọ̀ koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró, ní ìlà-ìlà. Àwọ̀ aró yẹn ń sọ pé ibẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 300°C. Àmọ́ àwọn ìlà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ sún mọ́ ojú ìjópọ̀ ju ìyẹn lọ, wọ́n sì fara pamọ́ sínú irin. Ìgbà tí a bá gé e ní ìbú, tí a dán ojú rẹ̀, tí a sì fi ásíìdì díẹ̀ pa á, ni a tó lè fi ojú lásán rí wọn.

Hóró-hóró ni irin wà, wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Bí hóró náà bá ṣe kéré tó ni irin ṣe ń lágbára tó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń yi tó. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, torí pé ó ṣọ̀wọ́n: nǹkan mìíràn tó bá fi agbára kún irin sábà máa ń bù nínú yíyi rẹ̀; hóró kékeré nìkan ló ń fi kún méjèèjì. Ibi tó ti gbóná kọjá 1,100°C láìyọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi yíyọ́ gan-an, ni hóró ti ń dàgbà, bí ooru bá sì ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni wọ́n ń tóbi sí i tó. Ní ìlà kejì, láàárín 900 sí 1,100, hóró tuntun kéékèèké ló ń jáde, ibẹ̀ sì lè dára ju irin àkọ́kọ́ lọ. Ìlà kẹta, tó gbóná ju 723 lọ tí kò dé 900, yí padà ní ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, irin géètì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí ilé iṣẹ́ ti fi ooru tọ́jú tẹ́lẹ̀ máa ń rọ̀ níbẹ̀.

Ìtutù ló kù. Nígbà tí irin bá gbóná kọjá nǹkan bíi 900°C, kábọ́nù inú rẹ̀ máa ń yọ́ wọ inú hóró. Bí ó bá tutù jẹ́ẹ́jẹ́, kábọ́nù á ráyè jáde. Bí ó bá tutù lójijì, á há síbẹ̀, irin á sì di ohun tí wọ́n fi orúkọ Adolf Martens, ará Jámánì, sọ: martensite. Ó le gan-an, kò sì yi.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ará Jámánì kankan. Alágbẹ̀dẹ á ki ojú àdá tó pọ́n bọ omi kí ó lè le, lẹ́yìn náà á dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ èédú fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà kán lóko. Wẹ́dà ń ṣe apá kìíní láìmọ̀, kò sì ṣe ìkejì. Kò tilẹ̀ nílò omi: irin tútù tó yí ojú ìjópọ̀ ká ló ń fa ooru rẹ̀ lọ, bí irin náà bá sì ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń fà á kíákíá tó. Tákì kékeré tí a fi di irin nípọn mú kí a tó jó o tán ló máa ń le jù. Èyí tó burú ju tákì lọ ni ti ẹni tó ń dán ẹlẹ́tíróòdù wò lára ṣáásí ọkọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpá iná bíńtín yẹn, tí kò sẹ́ni tó kà á kún, yára tutù ju gbogbo rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì lè di ojú tí ṣáásí yóò ti la lọ́dún tó ń bọ̀.

4. Ìṣirò méjì

Ìkínní ni ooru tí a ń fi sínú mílímítà kan. Ẹ sọ fóltéèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ámúpù àti 60, kí ẹ wá fi iye mílímítà tí ọwọ́ yín rìn ní ìṣẹ́jú kan pín in.

Bí fóltéèjì bá jẹ́ 25, ámúpù 120, tí ọwọ́ rìn ní mílímítà 150:
25 × 120 × 60 ÷ 150 = 1,200 júùlù, ìyẹn 1.2 kílòjúùlù, lórí mílímítà kọ̀ọ̀kan.

Bí ọwọ́ bá fà tí ó fi rìn ní 75 péré, ó di 2.4. Ẹ̀rọ kò yí padà, ẹlẹ́tíróòdù kò yí padà, ọwọ́ wẹ́dà nìkan ló sọ ooru di ìlọ́po méjì. (Ní jíjó pẹ̀lú ẹlẹ́tíróòdù, ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ni a máa ń kà sí ohun tó wọ irin ní tòótọ́.) Ooru tó pọ̀ jù ń mú hóró dàgbà, ooru tó kéré jù lórí irin tó nípọn ń jẹ́ kí ó tutù lójijì, kí ó sì le. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Ìkejì ń sọ bóyá irin náà jẹ́ irú èyí tó ń le. A fi kábọ́nù ṣe ìpìlẹ̀, a fi máńgánísì tí a pín sí 6 kún un, a fi kúrómíọ̀mù, molybdenum àti vanadium tí a pín sí 5 kún un, a sì fi níkẹ́lì àti bàbà tí a pín sí 15 kún un. Irin géètì tí kábọ́nù rẹ̀ jẹ́ 0.18 nínú ọgọ́rùn-ún, tí máńgánísì rẹ̀ jẹ́ 0.8, yóò jẹ́ nǹkan bíi 0.31. Tí iye yìí kò bá ju 0.40 lọ, tí irin kò sì nípọn jù, ẹ lè máa jó o lọ láìkọ́kọ́ fi iná yá a lára.

5. Sípíríìnì mọ́tò

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò kejì yẹn fún sípíríìnì. Irú kan tó wọ́pọ̀ ní kábọ́nù 0.60, máńgánísì 0.85, kúrómíọ̀mù 0.8. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.90, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti géètì. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi fẹ́ràn ajákù sípíríìnì fún àdá: ó ń gba líle. Ohun tó mú kó dára fún àdá ló mú kó burú fún wẹ́dà.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti rì í bọ epo nígbà tó pọ́n, wọ́n sì ti tún un yan ní bíi 450 sí 500°C kí ó lè lágbára kí ó sì yi. Awakọ̀ wá gbé e dé, ewé kan ti já, ó ní kí ẹ bá òun jó o, òun fẹ́ dé Ìbàdàn lónìí. Ẹ fi E6013 jó o, ẹ da omi sí i kí ẹ lè tètè fọwọ́ mú un. Ẹ wo ohun tí ẹ ti ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjópọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti di martensite tí fáìlì kò lè họ. Ìlà mìíràn wà níwájú rẹ̀ díẹ̀ tí ooru ti tún yan kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ yan án dé, ibẹ̀ ti rọ̀. Àárín, níbi tí ẹlẹ́tíróòdù yọ́ sí, kò lágbára tó ti sípíríìnì: nọ́ńbà 60 tó wà lára E6013 ń sọ agbára tó tó nǹkan bíi 430 megapascal, sípíríìnì sì máa ń ju 1,000 lọ. Ìlà kan kò yi, èkejì rọ̀, ẹ̀kẹta kò lágbára tó. Kòtò àkọ́kọ́ tó bá jìn lọ́nà ni yóò mú èyí tó bá wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ lè máa gbọ́ pé bí a bá yá a lára ní 250°C, tí a lo E7018, tí a sì bò ó mọ́ eérú, yóò dúró. Kò ní tètè la, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ sípíríìnì mọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ iṣẹ́ náà, kí ẹ júwe ọ̀nà Ládìpọ̀ fún awakọ̀. Owó tí ẹ pàdánù kò tó owó tí ẹ̀mí èèyàn jẹ́.

Ṣáásí ọkọ̀ akẹ́rù kò jìnnà sí èyí. Orí ṣáásí Mercedes 911 ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Èkó ń kan bọ́dì bọ́ọ̀sì mólúè sí láyé ọjọ́un, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ irin ara bọ́dì ni wọ́n ń jó níbẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló kọ̀ ọ́ sínú ìwé wọn pé a kò gbọ́dọ̀ jó nǹkan mọ́ etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣáásí, torí ibẹ̀ ló ń gbé ìnira jù.

6. Háídírójìn

Etí iná lè la lẹ́yìn tí ẹ ti gba owó, tí oníbàárà ti lọ. Háídírójìn ló sábà ń fà á, ara omi ló sì ti ń wá: ọ̀rinrin inú èèpo ẹlẹ́tíróòdù, ìpẹtà, epo, ọ̀dà. Iná á tú omi náà ká, háídírójìn á wọ inú irin yíyọ́, á rìn lọ sí etí iná, á fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti le, tí irin náà sì ń fà á lọ́tùn-ún lósì bó ṣe ń tutù, á la. Ó lè tó wákàtí 48 kí ó tó hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ayẹ̀ṣẹ́wò iṣẹ́ ńlá kì í fi wo ìjópọ̀ irin alágbára títí ọjọ́ méjì yóò fi pé.

Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin lọ́dún yíká. E7018 tí a ṣí páálí rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹfà, tí a fi lé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, ti mu omi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, pé háídírójìn rẹ̀ kéré, kò jẹ́ òótọ́ mọ́. Ohun tó lè dá a padà ni ààrò tó gbóná tó 300 sí 350°C, fún wákàtí kan sí méjì. Ìlànà AWS, ẹgbẹ́ ìjórin ti Amẹ́ríkà, kò sì gbà kí ó wà níta ju wákàtí mẹ́rin lọ kí a tó lò ó. Sísá a sóòrùn lórí páànù kò tó nǹkan kan. Ẹ má sì yan E6013 báyẹn o. Èèpo tirẹ̀ nílò ọ̀rinrin díẹ̀.

7. Melbourne, 1962, Èkó, 2018

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, 1962, ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 45 ń kọjá lórí afárá King Street ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Afárá náà kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí i. Òpó irin tó gbé apá kan rẹ̀ la, ọ̀nà rì sísàlẹ̀. Ògiri tó wà nísàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wó lulẹ̀ pátápátá, kò sì sẹ́ni tó kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé irin tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n yàn kí afárá má baà wúwo, àmọ́ kábọ́nù àti máńgánísì rẹ̀ pọ̀ jù fún ìjórin. Níbi tí wọ́n ti jó ìparí irin ìbòrí mọ́ ìsàlẹ̀ òpó náà, etí iná ti la. Àwọn ojú lílà yẹn ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó gun afárá náà. Òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà àti ọkọ̀ ńlá yẹn ló kàn parí rẹ̀.

Nílé níbí náà, wọ́n mọ ìdáhùn irú ìṣòro yìí. Ní oṣù kìíní 2018 ni Egina, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fi ń wa epo rọ̀bì, dé Èkó láti Kòríà Gúúsù, sí ibùdó iṣẹ́ epo tí a ń pè ní LADOL, níbi tí wọ́n ti to àwọn apá mẹ́fà tí wọ́n kàn ní Nàìjíríà mọ́ ọn kí ó tó lọ ní oṣù kẹjọ. Lórí iṣẹ́ epo bẹ́ẹ̀, kò sí wẹ́dà tó ń fi ojú díwọ̀n. A ó kọ́kọ́ jó irin ìdánwò, a ó gé e, a ó fi òòlù Charpy gbá a: ní àárín ìjópọ̀, lórí ìlà yíyọ́ gan-an, àti ní mílímítà 2 àti 5 sí i. Etí iná ni wọ́n ń wá. Bí ó bá kùnà níbẹ̀, ẹwà ojú ìjópọ̀ kò gbà á sílẹ̀. Wẹ́dà tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù géètì lọ sí irú iṣẹ́ yẹn.

8. Irin kọ́ńkéré, ní kúkúrú

Ọ̀pọ̀ irin kọ́ńkéré òde òní ni wọ́n fi omi pa lára nígbà tó ń jáde gbóná láti ilé iṣẹ́, èèpo rẹ̀ líle sì ló gbé púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Iná wẹ́dà ń yan èèpo náà rọ̀. Wáyà ni kí ẹ fi dì í, àfi bí ẹnjiníà bá ti ka ìwé irin náà tó sì kọ ìlànà ìjórin fún un.

9. Iṣẹ́ ọwọ́

Olùkọ́ ni yóò fi òòlù lù, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ojú gbọ́dọ̀ wọ gọ́gù.

Ẹ jó etí irin kékeré kan mọ́ fúláàtì báà, ẹ jó irú rẹ̀ méjì mọ́ ajákù sípíríìnì, ẹlẹ́tíróòdù kan náà, ámúpù kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù fúnra wọn. Ẹ mú ọ̀kan nínú ti sípíríìnì padà sínú iná títí yóò fi pọ́n díẹ̀, kí ẹ rì í mọ́ eérú gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi fáìlì họ ẹ̀gbẹ́ ìjópọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lára fúláàtì báà, á jẹ. Lára sípíríìnì tí a kò tọ́jú, á máa yọ̀ lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ohùn rẹ̀ á sì yí padà níbẹ̀. Lára èyí tó sùn nínú eérú, á tún jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìsì mú wọn, ẹ fi àpò ìdọ̀họ bò wọ́n, kí olùkọ́ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó àjákù wọn jọ, ẹ wo ojú wọn: èyí tó tẹ̀ kí ó tó já ṣú, ó rí jágajàga, èyí tó kán láìtẹ̀ ń dán, ó sì pẹlẹbẹ.

10. Iṣẹ́ àṣetiléwá

(a) Fóltéèjì 24, ámúpù 110, ọwọ́ rìn ní mílímítà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣírò ooru orí mílímítà kan, kí o sì sọ ohun tí yóò yí padà bí irin náà bá nípọn ní ìlọ́po mẹ́ta.

(b) Oníbàárà kan ní kí o da omi sí géètì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, òmíràn ní kí o da omi sí sípíríìnì. Kí nìdí tí ìdáhùn rẹ fún àwọn méjèèjì kò fi lè rí bákan náà?

(d) Lọ bá ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kí o sì fi ọ̀wọ̀ béèrè irin tó ti padà wá sọ́dọ̀ wọn rí lẹ́yìn tí wọ́n jó o. Ya ibi tó ti kán, kí o fi ìlà hàn bó ṣe jìnnà tó sí ojú ìjópọ̀. Bí ọ̀gá bá gbà, mú ajákù náà wá.